Ọmọ Tí A Kò Wo Ilé Sọ Lórúkọ: Orúkọ Àmútọ̀runwá àti Ìtọpasẹ̀ Baba-ńlá Ará Èkó ní Ọ̀rúndún Kọkàndínlógún

Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan ní Victoria Garden City, ẹ́sítéètì tí ó wà lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ kí ènìyàn tó dé Ajah, ni ìbéèrè tí ó bí àpilẹ̀kọ yìí ti jẹ yọ. Bàbá ọmọ gbé Bíbélì àtijọ́ kan jáde, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ní ojú ewé tí a kò tẹ nǹkan kan sí ni wọ́n to orúkọ àwọn ọmọ ilé náà sí láti ìran dé ìran, tàdáwà olúkúlùkù sì yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì rẹ̀. Àìná ni orúkọ tí ó wà lókè pátápátá. Kò sí orúkọ bàbá, kò sí orúkọ ìlú. Ohun tí ilé náà ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé Sàró ni ìyá-ńlá yìí, àti pé ó ti bá Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pọ̀ rí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbà pé Àìná tiwọn àti Àìná tí ayé mọ̀ sí Sarah Forbes Bonetta kò lè ṣàì jẹ́ ẹnì kan náà, tàbí kí wọ́n jẹ́ ẹbí. Wọ́n fẹ́ sọ ọmọ tuntun náà ní Àìná kí orúkọ ìdílé má bàa parun. Ìyá àgbà tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ó ta kò wọ́n. Ó ní ọmọ yìí kò gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, báwo ni yóò ṣe máa jẹ́ Àìná?

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ni ó yẹ kí ẹni tí ń wá baba-ńlá rẹ̀ kọ́kọ́ fi sọ́kàn. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ni Yorùbá ń wí, òtítọ́ sì ni òwe náà bí ó bá jẹ́ orúkọ àbísọ ni a ń sọ. Ẹni tí ó ń jẹ́ Fáṣọlá, Ògúndélé tàbí Àyàndélé ti fi òrìṣà tàbí iṣẹ́ ilé rẹ̀ hàn kí ó tó la ẹnu sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá mú orúkọ tirẹ̀ wá láti ọ̀run, a kì í wo ilé mọ́. Bí ó ti wáyé ni a ń wò. Bí ó bá da ojú délẹ̀, Àjàyí ni. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ ṣáájú, Ìgè ni. Bí ó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn, Òjò ni bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Àìná ni bí ó bá jẹ́ obìnrin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní àwọn àdúgbò kan tọkùnrin tobìnrin ni ń jẹ́ Àìná. Samuel Johnson, nínú The History of the Yorubas tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ti ya àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìyàtọ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ àṣà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rí ni pẹ̀lú. Orúkọ àmútọ̀runwá lè sọ bí a ti bí ènìyàn. Kò lè sọ ilé tí a bí i sí. Ẹni tí ó bá fi í wá ilé yóò wọ ilé onílé.

Ìdílé kan wà ní Èkó tí a lè fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí pé ìtàn rẹ̀ wà nínú ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìdílé tí Herbert Macaulay ti jáde wá ni. Baba ìyá rẹ̀ ni Àjàyí, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Baba bàbá rẹ̀ ni Òjò Oríare, ẹni tí wọ́n ń pe Ìkìrun ní ìlú rẹ̀. Ìyá Stella Davies, tí Herbert Macaulay bí ọmọ fún, ni Àìná, ìyẹn Sarah Forbes Bonetta. Ọmọ tí Stella bí fún un ni Ìdòwú. Ẹ wò ó: Àjàyí, Òjò, Àìná, Ìdòwú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí orúkọ rẹ̀ kì í ṣe àmútọ̀runwá. Kódà ìyàwó Crowther, Asano, ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ẹrú kan náà tí ó sì ti jẹ́ Mùsùlùmí kí ó tó di Susan, ẹ̀dà Hassana ni àwọn onímọ̀ ka orúkọ rẹ̀ sí, orúkọ tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa sì ń fún ìbejì obìnrin ni Hassana.

Kí ló fà á? Èrò tèmi ni pé orúkọ tí wọ́n ń fi pe ọmọdé lójoojúmọ́ ni ó ń bá a lọ sí ìgbèkùn. Ọmọ tí ó bá ní àmútọ̀runwá, òun ni wọ́n máa ń fi pè é jù lọ; àbísọ rẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ ní i, ẹnu àwọn àgbà ilé ni ó máa ń wà. Nígbà tí ogun bá sì ya ọmọ nípá kúrò lọ́dọ̀ àwọn àgbà ilé, ohun tí ó wà lẹ́nu wọn nìkan yóò bá wọn lọ.

A mọ ìtàn Àjàyí nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ nínú lẹ́tà tí ó kọ láti Fourah Bay ní oṣù kejì ọdún 1837 sí William Jowett, akọ̀wé ẹgbẹ́ ìjíṣẹ́ Ọlọ́run CMS. Ọmọ Òṣoògùn ni, ní ìhà Ìṣẹ́yìn. Ogun kó ìlú náà ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, wọ́n sì mú òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì. Wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, wọ́n sì dá òun padà. Ó ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi dé Èkó, níbi tí wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí tí ń jẹ́ Esperança Felix. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1822 ni Myrmidon, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ọkọ̀ náà. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Freetown.

Ìwọ̀nba àwọn tí ó kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan. Fún ẹgbàágbèje tí kò kọ ọ́, ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tí a gbà lọ́wọ́ onífàyàwọ́ ẹrú ni ó kù. Bí wọ́n bá ti gúnlẹ̀, akọ̀wé ìjọba yóò fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà, yóò kọ orúkọ rẹ̀, yóò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, yóò díwọ̀n gíga rẹ̀, yóò fojú bu ọjọ́ orí rẹ̀, yóò sì kọ àpèjúwe ilà tàbí àpá tí ó bá rí lára rẹ̀. Láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí a rí ní Freetown àti ní Havana, ni àwọn onímọ̀ ìtàn ti kó orúkọ ènìyàn 91,491 jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìṣúra ńlá ni. Ṣùgbọ́n etí àwọn akọ̀wé náà kì í ṣe etí Yorùbá. Wọn kò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀, wọn kò sì mọ ẹ̀ yàtọ̀ sí è. Orúkọ Crowther pàápàá, Adjai ni a ń rí nínú àwọn ìwé àtijọ́ kan. Ẹni tí ó bá tẹ «Ajayi» sórí kọ̀ǹpútà tí kò rí nǹkan kan, kí ó má tíì sọ pé baba-ńlá òun kò sí níbẹ̀. Kí ó pe orúkọ náà sókè, kí ó wá kọ ọ́ ní gbogbo ọ̀nà tí àlejò lè gbà gbọ́ ọ.

Ohun tí ó sì tún burú ju àìrí lọ ni rírí púpọ̀ jù. Bí a bá rí Àìná mẹ́wàá nínú ìwé náà, kò sí èyí tí a lè yàn láàárín wọn nítorí orúkọ nìkan, nítorí pé kò sí ìlú Yorùbá tí ọmọ kì í ti gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Apá ibi tí akọ̀wé ti kọ nípa ilà ni ó lè ràn wá lọ́wọ́, bí ìdílé bá ṣì rántí irú ilà tí ó wà lójú ẹni tí wọ́n ń wá. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò rántí mọ́. Ojú máa ń tì wọ́n láti bi àwọn àgbà léèrè, bí ẹni pé ẹ̀gàn ni ilà.

Orúkọ ìdílé tí a ń jẹ lónìí tún léwu ju orúkọ ọ̀run lọ. Nígbà tí John Raban ṣe ìrìbọmi fún Àjàyí ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá ọdún 1825, orúkọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ní Lọ́ńdọ̀n ni ó gbà, ìyẹn Samuel Crowther ti ìjọ Christ Church, Newgate. Kò sí ẹ̀jẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Bákan náà ni ọmọ tí Òjò Oríare bí sí Kissy ní ilẹ̀ Sàró ní 1826 ṣe di Thomas Babington Macaulay: orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan ni, ẹni tí ó di olókìkí òǹkọ̀wé ìtàn lẹ́yìn náà, tí Zachary bàbá rẹ̀ sì ti ṣe gómìnà ní Sierra Leone. Macaulay pọ̀ ní Freetown, gẹ́gẹ́ bí Davies, Williams, Cole àti Johnson ti pọ̀. Ilé méjì lè máa jẹ́ Macaulay ní Èkó kí ọ̀kan jẹ́ ará Ìkìrun, kí èkejì má tilẹ̀ jẹ́ Yorùbá. James Pinson Labulo Davies tí ó fẹ́ Àìná, Bathurst ni wọ́n bí i sí ní 1828, abúlé kan náà tí wọ́n mú Àjàyí lọ nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Sàró. Ará Abẹ́òkúta ni bàbá rẹ̀ ti wá, Ògbómọ̀ṣọ́ ni ti ìyá rẹ̀. Nínú gbogbo orúkọ mẹ́rin tí ó ń jẹ́, Labulo nìkan ni ó gbé ohùn ilé dání, òun náà ni àwọn òǹkọ̀wé òde òní sì máa ń gé kúrú sí L.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Àìná, ẹni tí ìdílé ti Victoria Garden City ń fẹ́ bá tan. Ní 1848 ni ogun Dàhọ̀mì pa Òkè-Òdàn run ní ilẹ̀ Yewa. Ní 1850, nígbà tí Frederick Forbes, ọ̀gágun ojú omi, lọ bẹ Ọba Ghezo pé kí ó dẹ́kun òwò ẹrú, ọba náà fi ọmọbìnrin kékeré kan ta á lọ́rẹ. Ọmọ náà kò ju bí ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ lọ. Forbes fi orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀, Bonetta, sọ ọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni ó fojú kan Ọbabìnrin Victoria ní Windsor, tí ọbabìnrin sì gba ìtọ́jú rẹ̀ sọ́rùn. Nígbà tí ó ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Davies ní ìjọ St Nicholas ní Brighton ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1862, ó mú orúkọ tí ó gbé ti Òkè-Òdàn wá mọ́ àwọn orúkọ tuntun náà. Ina ni ó wà nínú ìwé, láìsí A níwájú. Èmi kì í ka èyí sí àṣìṣe lásán. Ọmọdé tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá ṣì mú un lọ síwájú pẹpẹ.

Ṣé ọmọba ni? Ọ̀rọ̀ náà wà lára òkúta ìrántí tí ọkọ rẹ̀ gbé kalẹ̀ fún un ní Ìjàn ní ìwọ̀-oòrùn Èkó, lẹ́yìn tí ó kú ní Funchal ní erékùṣù Madeira ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ ọdún 1880. Ó sì wà nínú gbogbo ìwé àwọn ọmọdé tí a ń kọ nípa rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà padà sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ Forbes ni yóò dúró sí. Forbes sì jẹ́wọ́ pé ohun tí ọmọ náà mọ̀ nípa ìtàn ara rẹ̀ kò lójú. Ìdí tí òun fi rò pé ọmọ ènìyàn pàtàkì ni ni pé irú wọn ni wọ́n máa ń fi pa mọ́ de ìrúbọ ní Dàhọ̀mì. Ìméfò ọlọ́gbọ́n ni. Kò ju ìméfò lọ. Orúkọ Àìná kò lè gbè é, nítorí pé ọmọ ẹrú àti ọmọ ọba ni ń gbé ìwọ́ kọ́rùn. Bí orúkọ náà bá jẹ́ Adé-nǹkan-báyìí ni, à bá ní ohun tí a ó bá lọ sí Òkè-Òdàn. Ọ̀pọ̀ ìdílé Èkó ni ó ti di ọmọba lọ́nà yìí: àlejò kan rò ó, ìwé gbé e, ọmọ jogún rẹ̀. N kò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Mo ń sọ pé kí a mọ ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ládùn ni pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí, tí orúkọ wọn kò sọ ilé, lo orúkọ láti tún ilé kọ́. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ni Crowther tún fojú kan Afala, ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nígbà tí ìyá náà ṣe ìrìbọmi ní 1848, Hánà ni wọ́n sọ ọ́. Ẹni tí ó bá mọ Bíbélì mọ̀ pé Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì. Ọmọ ni ó ti gba orúkọ ṣáájú. Orúkọ ìyá wá bá tọmọ nílé. Bí gbogbo ìwé yòókù bá jóná, orúkọ méjèèjì yìí yóò ṣì sọ pé ìyá àti ọmọ ni wọ́n.

Bákan náà ni ó rí ní ilé Davies. Àkọ́bí Àìná, tí wọ́n bí ní 1863, ni wọ́n sọ ní Victoria, Ọbabìnrin sì ni ìyá ìrìbọmi rẹ̀. Òun ni ó fẹ́ Dókítà John Randle ní 1890. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Arthur àti Stella. Ọmọ tí Stella bí fún Herbert Macaulay wá jẹ́ Sarah Abigail Idowu. Sarah ni ìyá ìyá rẹ̀, Abigail, ọmọ Crowther, ni ìyá bàbá rẹ̀. Ìyá-ńlá méjèèjì, èyí tí Òkè-Òdàn sọ nù àti èyí tí bàbá rẹ̀ ti Òṣoògùn wá, ni wọ́n so pọ̀ sórí ọmọ kan, Ìdòwú sì sọ pé ìbejì ti ṣáájú rẹ̀ wáyé. N kò tíì rí ìwé ìdílé kan tí ó ṣe ṣókí tó orúkọ mẹ́ta yìí. Ìdòwú yìí ni ó di ìyá Babatunde Kwaku Adadevoh, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣègùn tí ó ṣe gíwá Yunifásítì Èkó. Babátúndé sọ pé baba kan ti kú kí wọ́n tó bí i, kò sọ baba wo. Kwaku, orúkọ àwọn Akan, sọ pé Ọjọ́rú ni wọ́n bí i. Ọmọ rẹ̀ ni Dókítà Ameyo Adadevoh tí ó dá àrùn Ẹ̀bólà dúró ní Ọbálendé ní 2014, tí ó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Láti ọ̀dọ̀ Àjàyí ọmọ Òṣoògùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìran mẹ́fà ni, kò sì sí ibi tí okùn ti já.

Nítorí náà, bí a bá ń ka ojú ewé Bíbélì bí èyí tí mo rí ní Victoria Garden City, kí a má wo orúkọ òkè nìkan. Kí a ka àwọn orúkọ ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìrántí àwọn tí ó wà lókè. Orúkọ ìrìbọmi wo ni ó ń padà wá ní ìran kejì àti ìkẹta? Ta ni wọ́n fi sọ? Nínú Bíbélì ti ilé yìí, kò sí Victoria, kò sí Arthur, kò sí Stella láàárín àwọn ọmọ Àìná. Orúkọ àwọn ọmọ Àìná ti Òkè-Òdàn kò fara sin. Mẹ́ta náà ni a mọ̀. Èyí nìkan tó láti fi hàn pé Àìná méjì ni a ń sọ. Ó dun bàbá ọmọ. Mo rí i lójú rẹ̀.

Ìdíwọ́ kan ṣì wà tí ó máa ń tan àwọn olùwádìí jẹ. Ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún náà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Èkó bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀. David Brown Vincent di Mojola Agbebi ní 1894, J. H. Samuel di Adegboyega Edun. Ẹni tí ó bá ń wá Agbebi nínú ìwé ìrìbọmi kò ní í rí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá ń wá Vincent nínú ìwé ìsìnkú. Ìwé ìròyìn ìgbà náà, bí Lagos Observer àti Lagos Weekly Record, ni ó sàn kí a lọ yẹ̀ wò, nítorí pé wọ́n máa ń gbé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ìkú àwọn ènìyàn ńlá Èkó jáde. Ìwé ìgbéyàwó tí a ṣe lábẹ́ òfin 1884 pẹ̀lú máa ń sọ orúkọ bàbá ọkọ àti bàbá ìyàwó. Orúkọ bàbá yìí ni ohun tí àmútọ̀runwá kò lè fún wa.

Kí a tó lè mọ ìwé tí a ó wò, àfi kí a mọ ibi tí ilé náà wà kí wọ́n tó kó wá sí Lẹ́kí. Ilé kò tíì gbó ní Victoria Garden City. Kò sí sàréè baba-ńlá ẹnikẹ́ni lẹ́yìnkùlé. Erékùṣù Èkó ni ọ̀pọ̀ wọn ti kó wá, àdúgbò ibẹ̀ sì jẹ́ ìwé ìdílé fúnra rẹ̀. Olówógbowó ni ti àwọn Sàró. Pópó Àgùdà ni ti àwọn tí ó ti Brazil àti Kúbà dé. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni ti àwọn ènìyàn Kòsọ́kọ́, tí wọ́n sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851 tí wọ́n sì padà wá sí Èkó ní 1862, lẹ́yìn tí Òyìnbó ti gba ìlú. Ọ̀nà tí àwọn ará ẹ́sítéètì ń gbà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ kọjá lórí ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn: ní 1854, nígbà tí Kòsọ́kọ́ bá Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́, Palma àti Lẹ́kí ni èbúté tí wọ́n jọ fọwọ́ sí pé yóò ti máa ṣòwò. Nígbà tí mo béèrè ibi tí ilé wọn àtijọ́ wà, bàbá ọmọ dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé Olówógbowó ni. Ó bá ọ̀rọ̀ Sàró tí wọ́n ń sọ mu. Èyí ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Àwọn kan ti sọ fún ilé náà pé kí wọ́n lọ yẹ DNA wò. Kò burú. Ó lè sọ agbègbè tí ẹ̀jẹ̀ ti wá, ó sì lè mú wọn mọ ìbátan tí ó wà ní Brazil tàbí ní Amẹ́ríkà. Kò lè yà Òkè-Òdàn sọ́tọ̀ kúrò lára Ìlaròó. Ohun tí ó lè sún mọ́ ilé ni oríkì orílẹ̀. N kò sọ oríkì bí Àjàmú tàbí Àbẹ̀kẹ́, èyí tí a fi ń ké ọmọ. Mo ń sọ èyí tí a fi ń ki ìran: Olúfẹ̀, Òpómúléró, Olú-Òjé, Oníkòyí. Àbísọ lè sọ òrìṣà ilé. Orílẹ̀ ń sọ ìran àti ibi tí ìran ti ṣẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ni wọ́n sì ń mú un láti ẹnu dé ẹnu. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí nínú ìwé akọ̀wé ìjọba, tí kò sí nínú ìwé ìrìbọmi, tí ojú ewé Bíbélì pàápàá kò fi gbé e. Ọkùnrin tí ó mọ̀wé ni ó ń kọ Bíbélì. Obìnrin tí ó mọ ìran kì í sí nídìí rẹ̀.

Ìsọmọlórúkọ náà ń parí lọ nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìyá àgbà gbà á, ó gbé e lé èjìká, ó sì ń kì í lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un sọ. Ọmọkùnrin wọn ní, «Màmá, a kò ní ilé ní Ìkòyí rí.» Mo ṣàlàyé fún un pé Ìkòyí tí ìyá rẹ̀ ń wí kì í ṣe èyí tí ó ń gbà kọjá lọ sí Èkó, pé ìlú àwọn jagunjagun ni ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, àti pé ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó tú u ká. Mo wá bi ìyá àgbà pé lẹ́nu ta ni wọ́n ti kọ́ ọ. Oríkì lè ti apá ọkọ wọn wá, ó lè ti apá bàbá wọn wá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò kan Àìná.

«Lẹ́nu ìyá tó bí ìyá mi ni,» ni wọ́n dáhùn. «Ó ní bí ìyá òun ṣe máa ń ki òun nìyẹn tí òun bá ń sunkún.»

Ìyá tó bí ìyá wọn ni ẹni kejì lójú ewé Bíbélì, ọmọ bíbí inú Àìná. Bàbá ọmọ mú bírò. Ó béèrè bí a ṣe ń kọ Ẹ̀ṣọ́, kí òun lè kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ òkè.